Igbó ọba El Yunque ní Puerto Rico: ibú wo ló ṣeé gbé ọmọdé àti màmá lọ?

Ìyá_Tọ́míwá:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. À ń gbèrò láti lọ sí Puerto Rico ní oṣù kẹjọ, kí iléèwé tó wọlé. A fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan ṣe El Yunque. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ la jọ ń lọ, pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́fà, èkejì mọ́kànlá, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Iléṣà. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, eékún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní àwọn kò ní dúró sí hòtẹ́ẹ̀lì máa wo tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó dà mí rú ni pé fídíò kan ní èèyàn gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè wọlé, òmíràn ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹnì kan ní ká lọ wẹ̀ ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ La Mina, ẹlòmíràn ní wọ́n ti tì í pa. Ṣé Uber ń débẹ̀? Ibú wo ni ọmọ ọdún mẹ́fà lè wọ̀ tí ọkàn mi á balẹ̀? Kí ni màmá máa rí wò láìgun òkè? Wọ́n tún ti ń sọ̀rọ̀ àtọ̀sí ajá láti àárọ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í kàn bọ́ sínú odò tí kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Alárìnkiri:

Ìyá Tọ́míwá, ẹ kú ìmúra. Tíkẹ́ẹ̀tì ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà Kòrónà, ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ gba títì PR-191 gòkè gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lórí recreation.gov, dọ́là méjì. Wọ́n ti fagi lé e láti 2023. Ní báyìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé, kò sì sí owó géètì. Ibi tí wọ́n ti ń gbowó ni El Portal, ilé ńlá tí wọ́n ti ń gba àlejò ní nǹkan bíi kìlómítà 4 lójú ọ̀nà yẹn. Dọ́là mẹ́jọ ni fún àgbà, ọmọdé kò san nǹkan kan. Ìjì María ló ba ilé náà jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2017, ọdún 2022 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Ìyọnu ibẹ̀ ni páàkì. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lókè kò pọ̀ rárá. Bó bá ti kún, àwọn òṣìṣẹ́ á dá ọkọ̀ dúró nísàlẹ̀, ọ̀kan kò ní wọlé àfi bí òmíràn bá jáde. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ti wà ní géètì kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹni tó bá sun oorun ìsinmi títí di aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìn mọ́tò ẹlòmíràn ló máa wò.

Láti San Juan, ẹ gba PR-26, kí ẹ bọ́ sí PR-66, kí ẹ já sí PR-3, kí ẹ sì yà ní Palmer sí PR-191. Bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan lọ. Tóògéètì wà lórí PR-66. Ẹ bi àwọn tó rẹ́ǹtì mọ́tò fún yín bóyá ẹ̀rọ AutoExpreso wà nínú rẹ̀, nítorí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ má kọ “El Yunque” lásán sínú Google Maps. Òkè náà tóbi, ó sì lè gbé yín lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní Naguabo. Láti àwọn ọdún 1970 ni òkè ti ya lulẹ̀ bo PR-191 láàárín, ìlà àríwá àti ìlà gúúsù kò sì pàdé mọ́. Ẹni tó bá ṣèèṣì dé Naguabo gbọ́dọ̀ yí gbogbo òkè náà ká kó tó débi tí ẹ̀ ń lọ. “El Portal de El Yunque, Río Grande” ni kí ẹ kọ. Ẹ da máàpù náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń pòórá bí ẹ bá ti wọ igbó.

Ohun tó jẹ́ kí Uber di ẹ̀tàn nìyẹn. Awakọ̀ á gbé yín débẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ padà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ó fi pe òmíràn, kò sì sí ọkọ̀ tó ń dúró de èrò lórí òkè. Ẹ rẹ́ǹtì mọ́tò. Ẹ má sì jẹ́ kí pátákó ojú ọ̀nà rú yín lójú: kìlómítà ni wọ́n fi ń ka bí ọ̀nà ṣe jìn, máìlì ni wọ́n fi ń ka eré, lítà ni wọ́n fi ń ta epo. Ọ̀nà òkè tóóró, ó sì kún fún kọ́nà, kí ọkọ yín máa tẹ fèrè bó bá ń yí kọ́nà tí kò rí iwájú.

La Mina: Ìjì María gbá ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi tì í pa. Àwọn fídíò tí wọ́n yà ṣáájú 2017 ṣì ń kárí ayé bí ẹni pé àná ni. Ojú ewé Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú igbó náà, ni kí ẹ wò ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ń lọ, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ ọ̀nà tó ṣí àti èyí tí wọ́n tì. Ẹ má gbára lé ẹnikẹ́ni lórí èyí, títí kan èmi náà.

Ní ti màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ La Coca wà létí títì gan-an, ní nǹkan bíi kìlómítà 8. Omi ń já wálẹ̀ lára àpáta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 85, wọ́n sì lè wò ó láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gun àpáta rẹ̀ nítorí fọ́tò o, ó ń yọ̀ bí ilá. Níwájú díẹ̀ ni ilé ìṣọ́ Yokahú, tí wọ́n fi orúkọ òrìṣà àwọn Taíno sọ, àwọn tó ni erékùṣù náà kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, kí màmá dúró nísàlẹ̀. Ní nǹkan bíi kìlómítà 12 ni Baño Grande, adágún tí wọ́n fi òkúta mọ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Roosevelt ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ wọ igbó láti ṣiṣẹ́. Ó sún mọ́ títì, ó rẹwà, ó tutù, ibi ìjókòó dáadáa ni fún màmá. Wọn kò gba ìwẹ̀ láàyè níbẹ̀ ṣá.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, Mount Britton ni kó gùn. Ọ̀nà náà jẹ́ máìlì 0.8 ní lílọ, òkè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 45. Ilé ìṣọ́ olókùúta ló wà lórí rẹ̀. Bí kùrukùru bá bo òkè, funfun báláú lẹ máa rí, ìdí mìíràn nìyẹn láti tètè lọ, torí ọ̀sán ni kùrukùru máa ń pọ̀ jù.

Ọmọlódò:

Alárìnkiri ti ṣe tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá sórí omi, torí òun ló ń pa èèyàn níbẹ̀.

Odò El Yunque kò gùn, ṣùgbọ́n ibi gíga ló ti ń já bọ̀. Atẹ́gùn ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì fẹ́ wá, ó kọlu òkè Luquillo, ó ń gòkè, ó ń tutù, ó sì ń da gbogbo omi inú rẹ̀ sórí ṣóńṣó òkè. Òjò tó ń rọ̀ lókè pátápátá máa ń ju mílímítà 4,000 lọ lọ́dún, nígbà tí Ìbàdàn kò gbà ju nǹkan bíi 1,300 lọ. Nítorí náà, oòrùn lè máa ràn lórí ibú tí ẹ wà, kí òjò sì ti máa rọ̀ lókè níbi tí ojú yín kò tó. Ilẹ̀ ibẹ̀ dagun, amọ̀ àti àpáta ni, omi kì í tètè ráyè wọlẹ̀, ńṣe ni púpọ̀ rẹ̀ ń sáré wọ odò. Omi tó dé orókún lè dé àyà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Golpe de agua ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ẹni tó bá ní “ojú ọ̀run mọ́, ẹ jẹ́ ká máa wẹ̀” kò mọ odò náà.

Bí ẹ bá ti dé etí omi, kí ẹ tó bọ́ṣọ, ẹ wá òkúta kan tí orí rẹ̀ yọ díẹ̀ sókè omi. Kí àgbà kan máa wò ó léraléra. Bí òkúta náà bá ti ń rì, omi ti ń kún nìyẹn. Àmì yòókù ni pé omi tó mọ́ gaara á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ á máa ṣàn kọjá, ìró odò á sì yí padà, á máa dún kíkankíkan. Ẹyọ kan ṣoṣo tó. Ẹ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi kúlà àti aṣọ sílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ gòkè kúrò ní ojú odò, ẹ má tọ etí odò lọ sísàlẹ̀, torí ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà náà nìyẹn. Ẹni tó bá há sódìkejì, kó wá ibi gíga jókòó sí títí omi á fi fà. Wákàtí díẹ̀ ló sábà ń gbà. Àwọn tó ń kú sínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọn tó gbìyànjú láti sọdá.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà wo odò kí ẹ tó kúrò nílé. USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn odò, gbé ẹ̀rọ sórí Río Mameyes, ìyẹn odò Mameyes, nítòsí Sabana. Ẹ wá “Rio Mameyes near Sabana” lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ìlà tó ń fi hàn bí omi ṣe ga sí. Bí ìlà náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ láti àná, ó dára. Bó bá ta sókè ṣánṣán láàárín òru tàbí láàárọ̀ yẹn, ẹ kọrí sí etíkun Luquillo lọ́jọ́ náà. Bákan náà, bí National Weather Service, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, bá kéde Flash Flood Warning (ìkìlọ̀ àgbàrá òjijì) fún ìlú Río Grande tàbí Luquillo, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ibú tí màá yàn fún ọmọ ọdún mẹ́fà ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ Angelito, lórí Mameyes. Las Damas ni wọ́n ń pè é. PR-988 lẹ ó gbà, kì í ṣe orí òkè. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ óò gùn ún padà bí ẹ bá ń bọ̀. Etí omi ibẹ̀ kò jìn, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀, ọmọ lè jókòó sínú omi tó dé ìdodo. Àárín ibú náà jìn, àgbà gbọ́dọ̀ dúró sáàárín ọmọ àti ibi tó jìn, kó kọjú sí ọmọ. Kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn ọmọ ló wà. Ọ̀nà ibẹ̀ lè dí eékún màmá lọ́wọ́ bí òjò bá ti rọ̀, torí ilẹ̀ amọ̀ ni. Ọ̀pá kan lọ́wọ́ wọn, ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ wọn, kí wọ́n sì lọ́ra.

Juan Diego, tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ PR-191, kéré, ó sún mọ́ títì. Ibú ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára fún kí ọmọ ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè lọ sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kejì ni kí ẹ má gùn. Gbòǹgbò igi àti ẹrẹ̀ ni, ó dagun, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kán lẹ́sẹ̀.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ má wẹ̀ lábẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an. Ìfófó funfun yẹn, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀, kì í gbé ara èèyàn ró bí omi lásán ṣe ń gbé e. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa ní adágún hòtẹ́ẹ̀lì lè rì síbẹ̀. Omi tó já wálẹ̀ tún máa ń yí po nísàlẹ̀, á fa èèyàn padà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà. Òkúta àti ẹ̀ka igi sì ń bá omi bọ́ látòkè láìkìlọ̀.

Fífò láti orí àpáta kò sí nínú ètò. Ibú tó jìn lóṣù tó kọjá, àgbàrá kan ṣoṣo lè ti yí òkúta ńlá wọ inú rẹ̀, omi tó pọ́n díẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí i. Okùn tí àwọn ọ̀dọ́ so mọ́ igi láti fi fò, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti jẹrà.

Bàtà: èyí tó di gìgísẹ̀ mú, tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ, omi á gbé e, ọmọ á sì sáré tẹ̀ lé e. Òkúta tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé ló ń yọ̀ jù, ẹ tẹ èyí tó gbẹ tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun. Níbi tó bá le, kí èèyàn jókòó kó fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó sàn ju kó dúró ṣánṣán lọ.

Ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn sílé o. Mo mọ àwọn èèyàn wa. Àkèré àti ẹja inú odò náà kò lè fara da ọṣẹ, ìpara oòrùn náà kò sì dára fún wọn. Ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn ni kí ẹ rà fún àwọn ọmọ dípò ìpara, ó tún ń dín òtútù kù, torí omi náà tutù ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìyá_Tọ́míwá:

Háà, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Mo ti pe bàbá àwọn ọmọ pé kó wá ka ti àpáta fífò yẹn fúnra rẹ̀.

Ohun méjì ló kù. Ọmọ kékeré ní bàlúùnù afẹ́fẹ́ méjì tí wọ́n ń fi bọ apá, òun ló ń lò ní adágún àdúgbò wa. Ṣé ìyẹn tó? Màmá sì fi fíísà àlejò wọ Amẹ́ríkà níbí. Ṣé Puerto Rico ń béèrè fíísà tirẹ̀?

Ọmọlódò:

Kò tó rárá. Omi tó ń ṣàn á bọ́ ọ kúrò lápá rẹ̀, òkúta á sì bẹ́ ẹ. Ẹ ra ẹ̀wù tó ń mú ni léfòó, tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Coast Guard Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń yàn án, kì í ṣe ọjọ́ orí. Èyí tí wọ́n kọ “child” sí wà fún pọ́n-ùn 30 sí 50, èyí tí wọ́n kọ “youth” sí wà fún 50 sí 90. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ nílé, ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀, ẹ wá gbé ọmọ sókè ní èjìká ẹ̀wù náà. Bí ẹ̀wù bá yọ gòkè kọjá àgbọ̀n rẹ̀, ó tóbi jù, bó bá wọ omi á yọ lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá náà kó wọ tirẹ̀, kódà bó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ lè gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, tàbí kí ẹ rà á ní Walmart ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Houston:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Àtọ̀sí ajá tí wọ́n ń sọ kì í ṣe àsọdùn. Puerto Rico ní in gan-an láyé àtijọ́, ìgbín omi kékeré ló ń gbé kòkòrò rẹ̀. Ó ti dín kù púpọ̀púpọ̀, odò òkè tó tutù tó ń sáré kì í sì í ṣe ibi tí ìgbín náà fẹ́. Omi dídákẹ́ nísàlẹ̀, nítòsí ilé àti ẹran ọ̀sìn, ni kí ẹ yẹra fún.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ú lọ ni leptospirosis. Ìtọ̀ eku àti ẹran ló ń gbé e wọ omi àti ẹrẹ̀, ó sì ń gba ojú ọgbẹ́, ojú, imú àti ẹnu wọlé. Ó gbilẹ̀ ní Puerto Rico lẹ́yìn Ìjì María. Òjò ńlá ló ń fọ ìtọ̀ yẹn wọ odò, nítorí náà, ọjọ́ tí omi bá pọ́n, ẹ má wẹ̀, bí kò tilẹ̀ lágbára. Ẹni tó ní ọgbẹ́ tútù, kó jókòó sétí omi. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má gbé omi mì.

Ó lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 2 sí 30, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sábà ń yọjú: ara gbígbóná, orí fífọ́, ojú pípọ́n, kí ẹran ẹsẹ̀ máa ro èèyàn. Ibí yìí ni àwọn èèyàn wa ti máa ń ṣi ọ̀nà. Ara gbóná, wọ́n ti lo òògùn màlérìà tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé. Kò sí màlérìà ní Puerto Rico. Ibà dengue ni ẹ̀fọn ibẹ̀ ń gbé kiri, kódà ìjọba ibẹ̀ kéde ipò pàjáwìrì lórí rẹ̀ ní oṣù kẹta 2024. Títí dọ́kítà á fi sọ pé kì í ṣe dengue, ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Paracetamol, tí wọ́n ń tà ní Tylenol ní Amẹ́ríkà, ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì sọ fún dọ́kítà tààrà pé ẹ wẹ̀ nínú odò. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, kò ní bi yín. Ti màmá tún yàtọ̀: bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà ni, màlérìà ilé ṣì lè wà lára wọn, kí wọ́n sọ ibi méjèèjì tí wọ́n ti wá.

Ìpara ẹ̀fọn tó ní DEET ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún tó fún ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹ má fi pa ọwọ́ ọmọ kékeré, á fi nu ojú. Bí ẹ bá fẹ́ wọ omi, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nù ún kúrò.

Ejò? Òjòlá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti erékùṣù náà nìkan, kò ní oró, òfin sì ń dáàbò bò ó. Paramọ́lẹ̀ kò sí.

Kékeré_Ìlá:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí o, kò sẹ́ni tó dárúkọ Las Paylas. Ibẹ̀ ni ọmọ ọdún mọ́kànlá máa gbádùn jù: àpáta dídán tí omi ń ṣàn lé lórí, wọ́n máa ń jókòó sí i, wọ́n á yọ̀ lọ sínú ibú. Ní Luquillo ló wà, lójú ọ̀nà PR-983, kò sí nínú igbó ọba gan-an. Àwọn onílé tó wà níbẹ̀ ló ń gba owó páàkì, ẹ mú owó bébà dání.

Ọmọlódò:

Kékeré Ìlá, o ṣeun, òótọ́ ni, ó dùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi orí ṣáájú, tàbí kí ẹni méjì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì á fi ẹsẹ̀ gbá ti iwájú lórí. Ẹsẹ̀ ni kó ṣáájú, kí ọwọ́ méjèèjì ká sí àyà, ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó wà nínú ibú ti jáde kí òmíràn tó jókòó. Ṣòkòtò tó nípọn ni kó wọ̀, àpáta yẹn ń họ ìdí. Kí àgbà kan ti dúró nínú ibú ìsàlẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, mi ò ní fọwọ́ sí i, àní lórí itan bàbá rẹ̀: bí bàbá bá yí, ọmọ ló máa wà lábẹ́.

Alárìnkiri:

Bó ṣe yẹ kí ọjọ́ yín lọ nìyí, torí ẹ̀yìn ọ̀sán ni òjò fẹ́ràn jù lórí òkè, oṣù kẹjọ sì wà nínú àsìkò ìjì líle, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà tó ń parí ní ìparí oṣù kọkànlá. Ẹ ti wà ní géètì ní aago méje ààbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sókè pátápátá. Kí bàbá àti ọmọ ńlá gun Mount Britton, kí ẹ̀yin, màmá àti ọmọ kékeré jókòó ní Baño Grande. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ dúró ní La Coca ya fọ́tò. Kí ẹ ti wà ní Angelito ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, kí ẹ sì ti jáde nínú omi ní aago kan. El Portal ló gbẹ̀yìn: ó ní òrùlé, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, òjò kò sì lè ba tibẹ̀ jẹ́. Aago mẹ́sàn-án ló ń ṣí, nítorí náà, ẹ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní ilé epo ní Palmer kí ẹ tó gòkè. Ẹ má fi báàgì tàbí fóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò níbikíbi tí gíláàsì ti lè fi wọ́n hàn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè nípa odídẹrẹ́ ibẹ̀ ní El Portal, èyí tí wọ́n ń pè ní iguaca. Ní 1975, mẹ́tàlá péré ló kù nínú igbó. Wọ́n ti ń sin ín láti àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀ padà.

Ìparí ọ̀sán, ẹ gba PR-3 lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó tò lẹ́bàá etíkun Luquillo. Ẹ ra mofongo fún màmá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni, wọ́n dín in, wọ́n gún un nínú odó pẹ̀lú áyù, wọ́n á sì fi ẹran tàbí edé sí i. Wọn ò ní bínú sí i.

Baba_Bronx:

Lórí ìwé màmá: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Puerto Rico, fíísà tí wọ́n fi wọlé ti tó, kò sì ní pa ìwọlé wọn lára. Páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọn ni wọ́n máa fi wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ tẹ I-94 wọn, ìwé tó ń fi ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà hàn, jáde kó wà nínú báàgì, torí àwọn aṣọ́bodè lè béèrè ìwé ní pápákọ̀ San Juan bí ẹ bá ń padà. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí I-94 náà pẹ̀lú, kì í ṣe ọjọ́ orí fíísà nìkan. Ẹni tó ní green card, kó mú un dání gan-an, fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù kò ṣeé lò. Láti May 2025, láìsẹ́nsì tí kò bá ní àmì REAL ID, ìlànà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, kò ṣeé fi wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí bàbá àwọn ọmọ wo tirẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá ń kúrò ní San Juan, ẹ̀rọ USDA, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, ni ẹrù yín máa kọ́kọ́ gbà kọjá, kó tó kan káńtà ọkọ̀ òfurufú. Èso ni wọ́n ń wá, nítorí kòkòrò. Mángòrò kò ní kọjá, kí màmá jẹ ẹ́ tán síbẹ̀. Ẹ sì fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà kí ẹ tó dì í.